Ẹyin Orí Ẹ̀bọlọ̀ Nínú Oṣù Ààwẹ̀

Ẹni tó bá ní ààwẹ̀ máa ń mú ọkàn ènìyàn rọ̀ kò tíì bá ìyá mi gbé.

Níbi ìsìn Lẹ́ńtì ọjọ́ Wẹ́sìdeè kan ni òyì kọ́ Màmá, tí wọ́n ṣubú lu ìjókòó àwọn akọrin. Nọ́ọ̀sì tó yẹ̀ wọ́n wò ní ẹ̀jẹ̀ ara wọn ti lọ sílẹ̀ gan-an. Ẹyin ni kí wọ́n máa jẹ, àti ẹ̀fọ́, kí wọ́n sì máa jẹ ẹ́ lásìkò, kì í ṣe ìgbà tí oòrùn bá wọ̀. Ó ní bí wọ́n bá tún ṣubú bẹ́ẹ̀ lórí sìmẹ́ǹtì, kí a má wulẹ̀ gbé wọn wá sọ́dọ̀ òun mọ́, ilé ìwòsàn ńlá ni kí a gbé wọn lọ. Mo gba ìsinmi níbi iṣẹ́ mi ní ìjọba ìbílẹ̀ ní Ìfọ̀n, mo padà sílé wa ní Ọ̀wọ̀ láti wá máa se oúnjẹ. Mo sè, Màmá ò jẹ. Bí ilẹ̀ bá ṣú tán, wọ́n á mu gààrí díẹ̀, wọ́n á ní àwọn ti yó.

Fíkà ìjọ wa fúnra rẹ̀ wá sílé. Ó ní Ọlọ́run kò béèrè ààwẹ̀ lọ́wọ́ aláìsàn. Màmá dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n sìn ín dé ẹnu géètì, wọ́n wá yíjú sí mi.

"Ọmọ dáadáa ni. Èmi ni mo kọ́ ọ ní Sunday School."

Ohun tí wọ́n ń sọ ni pé akẹ́kọ̀ọ́ kì í kọ́ olùkọ́.

Nígbà tó fi máa di Sátidé, òjò ti rọ̀ bí ẹ̀ẹ̀mẹta lẹ́yìn ẹ̀ẹ̀rùn, ẹ̀bọlọ̀ sì ti yọ níbi gbogbo tí wọ́n dáná sun lóko. Mo rí èyí tó tutù yọ̀yọ̀ lọ́wọ́ obìnrin kan tó kó o wá láti Ìdóàní. Inú mi dùn, torí mi ò tíì rí ọdún tí ẹ̀bọlọ̀ tuntun dé tí Màmá lè kó ara wọn níjàánu. Bákan náà ni a máa ń sè é nílé wa. A ó bọ̀ ọ́, a ó fún un, a ó dà á sínú epo tí ata àti irú ti jinná nínú rẹ̀. Bó bá kù díẹ̀ kí a sọ̀ ọ́, a ó fi ṣíbí gbẹ́ ihò sí i lójú, a ó fọ́ ẹyin sínú àwọn ihò náà, a ó dé e. Funfun ẹyin gbọ́dọ̀ dì, kí pupa rẹ̀ sì máa mì. Ẹni tó bá jẹ́ kó le, Màmá á ní kó gbé e lọ fi gbá bọ́ọ̀lù.

Mo sọ̀ ọ́ ní aago mẹ́ta ọ̀sán, torí aago mẹ́ta ni Màmá máa ń ṣínu ní Lẹ́ńtì àwọn ọdún tó kọjá. Òórùn ẹ̀bọlọ̀ gba gbogbo ilé. Mo gbé e lọ bá wọn lórí fàráńdà.

"Gbé e padà," Màmá wí.

"Ẹ wò ó ná, Màmá."

"Mo ti wò ó. Ó dára. Gbé e padà títí wọ́n á fi pe ìrun àṣálẹ́ ní mọ́sálásí."

"Kí ló kan ẹ̀yin kan ìrun?"

Wọ́n ń wo òdìkejì ògiri kúkúrú tó wà láàárín ilé wa àti ilé kejì. Ibẹ̀ ni Ìyá Kàmál jókòó sí lórí fàráńdà tiwọn, pákò lẹ́nu, tẹ̀sùbáà lọ́wọ́. Ṣẹ̀fíátù ni orúkọ wọn. Aṣọ ni wọ́n ń tà láàárín ìlú kí ẹsẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í dùn wọ́n. Láti kékeré ni àwọn àti Màmá ti ń ṣọ̀rẹ́, láti kékeré náà ni wọ́n sì ti ń bá ara wọn figagbága. Lọ́dún yìí, Lẹ́ńtì àti Rámádáànì bọ́ sí àkókò kan náà. Ọ̀rọ̀ wá yé mi.

"Màmá, ṣé torí Ìyá Kàmál ni ẹ ṣe ń pa ara yín?"

"Ta ló ń pa ara ẹ̀? Ẹgbẹ́ ni wá. Bó bá lè gbà á, mo lè gbà á."

"Àwọn ò ṣubú ní mọ́sálásí."

"Ilẹ̀ ni wọ́n ń jókòó sí ní mọ́sálásí. Ibo ló fẹ́ ṣubú sí?"

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ ẹyin yìí nìkan."

"Èmi kì í jẹ ẹran ní Lẹ́ńtì."

"Ẹyin kì í ṣe ẹran, Màmá."

"Adìẹ ni. Òun fúnra ẹ̀ ni kò tíì mọ̀."

Mo gbé àwo náà padà sí ilé ìdáná, mo sì gbàdúrà níbẹ̀. Àdúrà náà kò gùn, kò sì fi bẹ́ẹ̀ dára. Nígbà tí mo lajú, ẹyin ti ń le lórí ẹ̀fọ́. Mo pinnu láti lọ bẹ Ìyá Kàmál kí wọ́n bá mi bá ọ̀rẹ́ wọn sọ̀rọ̀. Wọ́n ti kúrò lórí fàráńdà, ni mo bá gba ẹ̀yìnkùlé wọlé.

Mo bá wọn lẹ́yìn ilẹ̀kùn ilé ìdáná wọn, mọ́ínmọ́ín lọ́wọ́, ẹnu kún.

"Ìbílọlá, ti ilẹ̀kùn."

Mo tì í.

"Ṣé ìyá rẹ rí ọ?"

"Wọn ò rí mi, mà. Ẹ ò gbààwẹ̀ ni?"

Wọ́n gbé mọ́ínmọ́ín mì. "Ìtọ̀ ṣúgà ni. Dókítà ní n ò gbọ́dọ̀ gbà á. Áfà náà ní Ọlọ́run ti yọ̀ǹda aláìsàn, pé kí n máa bọ́ ẹni tí ebi ń pa dípò ọjọ́ kọ̀ọ̀kan tí mi ò bá gbà."

"Ẹ sì ń jókòó síta láti àárọ̀, pákò lẹ́nu."

"Kí n wá máa jẹun lójú Abigail ìyá rẹ? Kó máa fi mí kọrin?"

Mo jókòó sórí àpótí, agara dá mi. Mo ròyìn fún wọn bí òyì ṣe kọ́ Màmá àti ohun tí nọ́ọ̀sì sọ. Ìyá Kàmál gbé mọ́ínmọ́ín sílẹ̀.

"Wọ́n ní ẹsẹ̀ ló yọ̀ ọ́."

"Àwọn ló ní ká sọ bẹ́ẹ̀ fún yín. Ẹ jọ̀ọ́, mà, ẹ wá sọ òtítọ́ fún wọn."

"Yóò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ títí ọdún mìíràn á fi dé."

"Ẹ jẹ́ kí wọ́n fi yín ṣe yẹ̀yẹ́. Alààyè ló ń ṣe yẹ̀yẹ́."

Wọ́n na ọwọ́ sí agbọ̀n kan, wọ́n kó ẹyin adìẹ tiwọn jáde.

"Èyí tí o fọ́ sí i ti le, àbí?"

"Ó ti le, mà."

"Mo mọ̀. Lọ dáná."

Ní ilé ìdáná wa, Ìyá Kàmál fúnra wọn ló yọ ẹyin líle kúrò, tó gbẹ́ ihò tuntun, tó sì fọ́ ẹyin wọn sí i. A jọ gbé e jáde.

"Abigail, mi ò gbààwẹ̀."

Màmá wò wọ́n láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀. "Lónìí?"

"Láti ìbẹ̀rẹ̀. Ìtọ̀ ṣúgà ń dà mí láàmú."

Màmá bú sẹ́rìn-ín títí wọ́n fi di ìhà mú. "Ṣẹ̀fíátù, igi pákò lo fi tàn mí jẹ."

Mo rò pé ó ti parí. Mo ṣí ìdérí àwo.

"Ó dáa," Màmá wí, wọ́n sì tì í padà. "Ó ku èmi nìkan nìyẹn. Màá gbà á parí fún àwa méjèèjì."

Mo káwọ́ lérí. Bí kì í bá ṣe ti ìbẹ̀rù Ọlọ́run, màá da ẹ̀fọ́ náà nù.

Ìyá Kàmál ò bínú. Wọ́n fa àga, wọ́n jókòó. "Mo gbọ́dọ̀ bọ́ ẹni tí ebi ń pa dípò ọjọ́ kọ̀ọ̀kan tí mi ò bá gbà. Mi ò tíì bọ́ ẹnì kankan lónìí."

"Lọ wá tálákà sí títì."

"Ta ni ebi ń pa tó ìwọ ládùúgbò yìí? O ṣubú ní ṣọ́ọ̀ṣì, o ní ẹsẹ̀ ló yọ̀ ọ́."

Màmá wò mí. Mo wo ilẹ̀.

"Onígbàgbọ́ ni mí, Ṣẹ̀fíátù."

"Ebi tó ń pa ọ́ ńkọ́? Wọ́n ti rì í bọmi ni?"

"Kí ni Áfà rẹ máa wí?"

"Èmi ni màá ṣàlàyé fún un."

"Bí mi ò bá wá jẹ ẹ́ ńkọ́?"

"Ọjọ́ òní á wà lọ́rùn mi níwájú Ọlọ́run. Mi ò ní lọ wá ẹlòmíràn."

Ìyá mi lè fi ebi pa ara wọn, ṣùgbọ́n wọn ò lè gbé ẹrù lé ọ̀rẹ́ wọn lọ́rùn níwájú Ọlọ́run. Wọ́n dijú, ètè wọn mì díẹ̀ bí ẹni ń gbàdúrà. Wọ́n mú ṣíbí. Wọ́n tẹ pupa ẹyin, ó sì ṣàn lu ẹ̀bọlọ̀. Wọ́n jẹ, wọ́n tún bù. Ìyá Kàmál tẹjú mọ́ ṣíbí náà títí ó fi dé ẹnu wọn.

"Iyọ̀ rẹ̀ kéré, Ìbílọlá."

"Ẹ jẹ́ kí n fi sí i, mà."

"Má fi sí i. Ṣé o ò rí i pé mo ti ń jẹ ẹ́ ni?"

Nígbà tí àwo kù díẹ̀ kó mọ́, mo ní, "Lọ́la ńkọ́?"

"Ọjọ́ Ìsinmi ni, a kì í gbààwẹ̀," Màmá wí. "Kó wá ẹlòmíràn bọ́."

"Ọjọ́ Mọ́ńdè, ìwọ náà ni," Ìyá Kàmál dáhùn. "Aago méjìlá ọ̀sán."

"Aago mẹ́ta."

"Méjìlá ni nọ́ọ̀sì wí."

"Nọ́ọ̀sì ò dárúkọ aago kankan. Aago méjì."

"Abigail, aago kan."

Mo kó àwo, mo wọlé lọ dúpẹ́ lọ́wọ́ Olúwa. Láti ilé ìdáná ni mo ti ń gbọ́ wọn tí wọ́n ń ná aago náà bí ẹni ń nájà.