Ojú Mọ́nítọ̀

"Ẹ dá a dúró níbẹ̀," Aunty Helen wí. "Ibẹ̀ yẹn gan-an. Uncle Gbénró, kí lẹ rí?"

Gbénró dá fídíò ìsìnkú tó gé fún un náà dúró. Ó rí àlùfáà tó gbé ọwọ́ sókè, ó rí òdòdó, ó rí àwọn ọmọ olóògbé nínú aṣọ funfun. Ó ka gbogbo rẹ̀ fún un.

"Igun òsì ńkọ́? Nísàlẹ̀?"

Ó yí orí díẹ̀, bó ṣe ti ń ṣe láti bí oṣù mélòó kan. Àfi bí pósí ṣe yọ sí i lójijì, bí ẹni pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé e síbẹ̀ ni. Ọ̀kan nínú àwọn tó gbé e ti kọsẹ̀, orí pósí ti sọlẹ̀, obìnrin kan sì ti káwọ́ lérí. Ibẹ̀ yẹn gan-an ni Aunty Helen ti bẹ̀ ẹ́ pé kó gé kúrò. Gbénró ti dá a lóhùn pé òun ti gé e, nítorí ó wo fídíò náà tán, kò sì rí nǹkan kan.

"Àwọn àbúrò bàbá mi jókòó sí pálọ̀ wa l'Ógùdù, a tan fídíò yìí fún wọn," Aunty Helen wí. Kò pariwo. "Bàbá mi tún já bọ́ lójú gbogbo wọn. Ẹ̀ẹ̀kejì nìyẹn, Uncle Gbénró."

"Ẹ má bínú, mà. Mọ́nítọ̀ mi ni. Ó máa ń ṣókùnkùn ní igun yẹn."

Aunty Helen tẹjú mọ́ igun náà. "Ó mọ́lẹ̀ kedere lójú tèmi o."

"Ó máa ń ṣe é lọ, á tún ṣe é bọ̀, mà."

"Kí ẹ yáa pààrọ̀ ẹ̀. Ọjọ́ Sunday la máa ṣe ìdúpẹ́ ogójì ọjọ́. Tẹ́ ò bá lè tún un ṣe, ẹ sọ fún mi, kí n gbé e fún Desmond tó ń bá ṣọ́ọ̀ṣì wa ṣe é."

Ó gbé báàgì rẹ̀, ó sì jáde. Gbénró jókòó síbẹ̀ ní iwájú mọ́nítọ̀ tó ti parọ́ mọ́. Ó ti pẹ́ tí irọ́ náà ti wà lẹ́nu rẹ̀ débi pé òun fúnra rẹ̀ ti gbà á gbọ́. Òpó ilẹ̀kùn ló jẹ̀bi bó bá gbá a léjìká òsì. Ife ló jẹ̀bi bí omi bá dà sórí tábìlì. Oníkẹ̀kẹ́ tó fẹ́rẹ̀ẹ́ gbá a ní Ìkòsì lọ́jọ́sí, òun ni kò fọn fèrè. Ẹjọ́ kì í ṣe tẹni ká mọ̀ ọ́n dá. Lójú Gbénró, gbogbo ayé ló ń ṣe àṣìṣe, òun nìkan ló mọ ohun tó ń ṣe.

Vivian, ìyàwó rẹ̀, ti gbọ́ gbogbo ọ̀rọ̀ náà láti kíṣínì. Ó ń nu ọwọ́ bọ̀.

"Daddy Tiwa, ṣé mọ́nítọ̀ yẹn ni lóòótọ́?"

"Òun ni. Mọ́nítọ̀ OLED ni àwọn tó mọṣẹ́ ń lò báyìí. Dúdú ẹ̀ dúdú gidi ni, kì í ṣe eérú bíi ti eléyìí. Tí mo bá ti ní i, kò sóhun tí màá fojú fò mọ́."

Vivian nu ọwọ́ rẹ̀ tán. "Ẹ jẹ́ ká jọ lọ wò ó lọ́la," ló wí.

Ní ọjọ́ kejì, wọ́n fẹsẹ̀ rìn dé Ketu. Vivian ń rìn ní òsì ọkọ rẹ̀. Ó ti sọ ọ́ di àṣà láìpẹ́ yìí, Gbénró ò sì tíì bi í léèrè ìdí rẹ̀.

Ọmọ Ìṣẹ́yìn ni Ṣùkúrù tó ń ta kọ̀ǹpútà, ìlú kan náà pẹ̀lú Gbénró, ìyẹn ló sì jẹ́ kó máa pè é ní ẹ̀gbọ́n. Ó gbé mọ́nítọ̀ fẹ́ẹ́rẹ́ kan sórí tábìlì, ó sì fi aṣọ nù ún.

"OLED gidi nìyí, ẹ̀gbọ́n. Tòkunbọ̀ ni o, mi ò ní tàn yín. Tí àwòrán kan bá ti pẹ́ jù lójú OLED, ó máa ń jó mọ́ ọn lára ni. Tẹ́ ẹ bá pa àwòrán ọ̀hún dà, òjìji ẹ̀ ò ní lọ. Ìdí nìyẹn tá a fi máa ń jẹ́ kí oníbàárà fọwọ́ kan ibi tó jó kó tó sanwó, kó má baà sọ lẹ́yìn ọ̀la pé a rẹ́ òun jẹ."

Ó tan án, ó sì jẹ́ kí àwọ̀ eérú kan ṣoṣo bo gbogbo rẹ̀ láti etí dé etí.

"Kí n sọ òótọ́ fún yín, ẹ̀gbọ́n. Ojú ti jó díẹ̀."

Gbénró yára yíjú sí i. "Ojú ta ni?"

Ṣùkúrù bú sẹ́rìn-ín. "Ojú mọ́nítọ̀ kẹ̀! Ta lẹ rò pé mò ń bú? Ẹ wò ó dáadáa, kẹ́ ẹ fọwọ́ kan ibẹ̀ fún mi."

Gbénró wò ó. Eérú ló rí, ó mọ́ lóló. Inú rẹ̀ ti ń dùn pé ibi tó jó náà kò tó nǹkan, kó tó rántí pé wọ́n ń dúró dè é. Ìtìjú mú un. Ó na ìka sí igun ọ̀tún lókè.

"Mo rí i. Kò pọ̀."

Vivian ló sọ̀rọ̀ láti ẹnu ọ̀nà tó dúró sí, báàgì rẹ̀ léjìká.

"Igun òsì ni, Daddy Tiwa. Nísàlẹ̀. Orúkọ iléeṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n kan ló wà níbẹ̀. Mo ń kà á láti ibí."

Gbénró yí orí. Lẹ́tà yọ, ńlá ńlá. Ó dá orí padà, wọ́n rá. Ó sún àga, ó tún wò ó, igun náà ò sí níbẹ̀. Mọ́nítọ̀ mìíràn, ṣọ́ọ̀bù mìíràn, igun kan náà.

Bàbá rẹ̀ ló sọ sí i lọ́kàn. Ahunṣọ ni bàbá náà n'Íṣẹ́yìn. Nígbà tí òwú bẹ̀rẹ̀ sí í ṣì í lọ́wọ́, ó ní fìtílà ni kò mọ́lẹ̀. Ó ra fìtílà tó tóbi. Ó gbé òfì rẹ̀ jáde kúrò nínú àgọ́ sínú oòrùn. Ó bá àwọn aláró jà pé aró wọn kò dá mọ́. Ó ń bá a lọ bẹ́ẹ̀ títí di ọjọ́ tó bọ̀ láti ẹ̀yìnkùlé tó kí òpó ilé káàbọ̀, tó sì bi í pé ará ilé ńkọ́. Àwọn ọmọ rẹ́rìn-ín, wọ́n rò pé ó ń ṣeré ni. Gbénró wà nínú àwọn tó rẹ́rìn-ín.

Ẹ̀rù bà á.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé kí n dì í?" Ṣùkúrù bi í. "Màá bá yín yọ nǹkan kúrò nínú ẹ̀ torí ibi tó jó yẹn."

"Má dì í. Kò sóhun tó ṣe tilé."

Wọ́n ti jáde dé etí títì kí ó tó lè wo ojú ìyàwó rẹ̀. "Ẹ̀tẹ̀ la fi sílẹ̀ tá a wá ń pa làpálàpá, Vivian. O ti mọ̀, àbí?"

"Mo ti mọ̀."

"O ò wá lè sọ fún mi?"

"Mo sọ ọ́! Ṣebí mo ní kẹ́ ẹ jẹ́ ká lọ yẹ ojú yín wò nígbà tẹ́ ẹ ṣubú ní àtẹ̀gùn. Kí lẹ sọ fún mi? Ẹ ní kí n má ṣépè fún yín. Ẹ ní ṣé afọ́jú ni mò ń pè yín." Omi ti lé ròrò sójú rẹ̀. "Látìgbà yẹn ni mo ti ń rìn lápá òsì yín."

Nígbà tí wọ́n délé, Gbénró pe Aunty Helen, ó jẹ́wọ́ fún un pé kò sóhun tó ṣe mọ́nítọ̀ òun, ojú òun ni kò ríran dáadáa mọ́, kó gbé iṣẹ́ náà fún Desmond. Obìnrin náà ní Ọlọ́run á wò ó sàn. Lẹ́yìn náà ó ní kó tètè fi gbogbo fídíò náà ránṣẹ́ sí Desmond.

Dókítà ilé ìwòsàn ojú tí wọ́n lọ l'Ógùdù tan iná sójú rẹ̀, ó wọn agbára omi inú ẹyinjú, ó sì mí kanlẹ̀. Ó ní èyí tó ti lọ ti lọ, kò ní padà. Èyí tó kù ni kí wọ́n sáré dì mú, ṣùgbọ́n àwọn gbọ́dọ̀ mọ bó ṣe kù tó.

Wọ́n mú un wọ yàrá ṣíṣú kan. Nọ́ọ̀sì fi nǹkan bo ojú rẹ̀ ọ̀tún, ó ní kó gbé àgbọ̀n lé ẹ̀rọ kan tí inú rẹ̀ funfun bí inú abọ́, ó sì fi bọ́tìnnì sí i lọ́wọ́.

"Daddy, ẹ tẹjú mọ́ àárín. Tẹ́ ẹ bá ti rí iná kékeré níbikíbi, ẹ tẹ̀ ẹ́."

Gbénró dúró de iná. Ẹ̀rọ náà ń dún kẹ́, á dákẹ́ díẹ̀, á tún dún kẹ́. Ó rò pé wọ́n ṣì ń tò ó ni.

"Ẹ ò tíì bẹ̀rẹ̀ ni, mà?"

"A ti bẹ̀rẹ̀, Daddy," nọ́ọ̀sì wí. "Ó ti ṣe díẹ̀."

Ó gbọ́ bí Vivian ṣe fa imú lẹ́yìn rẹ̀ nínú òkùnkùn. Ìgbà náà ló yé e pé bí ẹ̀rọ náà bá ti dún kẹ́, iná kan ti tàn níbì kan lójú rẹ̀, ó sì ti kú. Bó bá fẹ́, ó lè máa fi etí tẹ bọ́tìnnì náà. Bí ó bá ti dún, kó tẹ̀ ẹ́. Ìwé àyẹ̀wò á jáde pẹ̀lú ojú tó dá ṣáká, Vivian á sì rẹ́rìn-ín délé.

Kẹ́.

Kò tẹ̀ ẹ́.

Kẹ́.

Ó gbé àtàǹpàkò rẹ̀ kúrò lórí bọ́tìnnì, kó má baà ṣì í tẹ̀, ó sì ń wo inú funfun náà, ó ń dúró de iná tó máa fi ojú ara rẹ̀ rí.