Ọ̀rọ̀ Tí Aláìsàn Kò Sọ

Ní àárọ̀ ọjọ́ tí káfíńtà mi máa wọ bọ́ọ̀sì lọ, kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa ni mo ti ń jókòó, tí mo ń dìde, tí mo ń ṣí fèrèsé, tí mo tún ń tì í. Màmá mi, tí a jọ ń gbé nínú yàrá méjì wa, fara dà á títí. Nígbà tó yá, wọ́n dìde jókòó lórí bẹ́ẹ̀dì wọn.

"Ṣé ìdun ló ń jẹ ẹ́ ni?"

"Rárá, mà."

"Káfíńtà ni nìyẹn."

Káfíńtà ni. Ọkùnrin gíga kan tó lórí kunkun, tí lẹ́búlẹ́bú pákó kì í kúrò nínú irun rẹ̀. Èdè rẹ̀ kì í ṣe tiwa, ṣùgbọ́n mo gbọ́ ọ dáadáa, nítorí èdè ni mo fi ń jẹun. Ògbufọ̀ ni mí ní ilé ìwòsàn ńlá kan, níbi tí dókítà ti ń sọ tirẹ̀, tí nọ́ọ̀sì ń sọ tirẹ̀, tí aláìsàn sì ń kérora ní èdè tí àwọn méjèèjì kò gbọ́. Èdè mẹ́rin ló wà lẹ́nu mi. Àwọn tó ń gbálẹ̀ níbẹ̀ ló sọ mí ní Ẹlẹ́nu Mẹ́rin, orúkọ náà sì ti mọ́ mi lára.

Ohun tó dé bá wa kò ju báyìí lọ. Wọ́n fún káfíńtà níṣẹ́ ní ìlú kan tó jìnnà, níbi tí wọ́n ti ń kan ọkọ̀ ojú omi. Ó ní bí mo bá fẹ́ kí òun dúró, òun á dúró, òun kò sì ní kábàámọ̀ rẹ̀. Lójú ẹsẹ̀ ni mo sọ fún un, ní èdè tirẹ̀, pé mo fẹ́ràn rẹ̀, kó má lọ. Ó mi orí.

"Èdè yẹn lo fi ń gbẹnu dókítà sọ̀rọ̀ fún màmá mi nígbà tí ara wọn ò yá," ó ní. "Ohùn kan náà ni, ojú kan náà ni. Sọ ọ́ fún mi ní èdè ìyá rẹ. Mi ò ní gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n màá mọ̀ pé ìwọ lo ń sọ̀rọ̀."

Kí ló wà nínú ìyẹn? Ọ̀rọ̀ mẹ́ta péré. Èmi tí mo ń sọ̀rọ̀ láti àárọ̀ di alẹ́, mo dúró níwájú ọkùnrin bí ẹni tí wọ́n bi ní ìbéèrè tí kò kàwé fún. Ó dúró dè mí títí. Nígbà tí kò gbọ́ nǹkan kan, ó ní òun máa wọ bọ́ọ̀sì ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, ó sì lọ. Ó tún gbàgbé súwẹ́tà rẹ̀ sórí àga wa.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí iṣẹ́ wa ṣe rí kí ẹ tó bú mi. Ògbufọ̀ kì í sọ pé, "Ó ní inú ń run òun." "Inú ń run mi" ni ó gbọ́dọ̀ sọ, bí ẹni pé inú tirẹ̀ ni. Bí bàbá kan bá ń sunkún pé òun fẹ́ràn ọmọ òun, èmi ni màá kọjú sí ọmọ tí n kò rí rí, màá ní, "Mo fẹ́ràn rẹ." N kò mọye èèyàn tí mo ti fẹ́ràn báyìí. Mo ti fẹ́ràn awakọ̀, mo ti fẹ́ràn alápatà, mo ti fẹ́ràn ìyàwó méjì tó ń jà lórí ọkọ kan ṣoṣo, lọ́jọ́ kan náà, láìṣe ojúsàájú. Tó bá wá kan kí n sọ "mo" tèmi, n kì í mọ ibi tí mo gbé e sí.

"Ẹ̀yin náà, mà," mo bi màmá mi, "ṣé bàbá mi sọ fún yín rí pé àwọn fẹ́ràn yín?"

Wọ́n wò mí bí ẹni pé ara mi ń gbóná.

"Bàbá ẹ? Kí ni ká ti gbọ́? Bó bá ti rí mi láìwọ bàtà, ariwo ti sọ nìyẹn. 'Ìwọ obìnrin yìí, òtútù máa pa ẹ́, wọ́n á ní èmi ni mi ò tọ́jú ẹ.' Ọjọ́ tí kò bá bú mi ni mo máa ń bẹ̀rù, màá mọ̀ pé ó ń bínú." Wọ́n fa súwẹ́tà káfíńtà láti orí àga, wọ́n jù ú sí mi. "Bá mi fún ọmọ yẹn kó tó lọ. Ó ń wọ ẹ̀wù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kiri bí ẹni tí òtútù ń bẹ̀rù."

Mo ki súwẹ́tà bọ inú báàgì mi, mo fẹsẹ̀ rìn lọ síbi iṣẹ́ nítorí n kò lè jókòó sínú ọkọ̀. Àṣìṣe ni. Ẹni tó bá gbọ́ èdè mẹ́rin nínú ìlú wa yìí, etí rẹ̀ kì í sinmi. Ní ìkóríta, awakọ̀ akẹ́rù kan ń bá ìyàwó rẹ̀ sọ̀rọ̀ lórí fóònù, ó ní ojú òun ni, láìsí i òun kò ríran. Níwájú ilé alágbàfọ̀, ìyá kan ń bá ọmọ rẹ̀ dé bọ́tìnnì ẹ̀wù, ó ń sọ ní èdè mìíràn pé lọ́jọ́ kan òun á jẹ ẹ́ tán, ọmọ náà ń rẹ́rìn-ín. Ọkùnrin kan tó ń kun ògiri lórí àkàbà ń kọrin sí obìnrin kan tó ń kọjá lọ. Ohùn rẹ̀ burú, ṣùgbọ́n ó ń sọ tirẹ̀. Gbogbo ayé ló ń sọ tirẹ̀. Inú bí mi sí gbogbo wọn.

Níbi iṣẹ́ náà, ara mi kò balẹ̀. Bí mo bá sọ̀rọ̀ tán níwájú bẹ́ẹ̀dì kan, mo ti sáré dé èkejì kí wọ́n tó pè mí. Nígbà tí oòrùn kúrò lágbedeméjì ọ̀run, ọ̀gá nọ́ọ̀sì ní kí n wá sọ́dọ̀ bàbá kan tí wọ́n fẹ́ gbé lọ fún iṣẹ́ abẹ.

Atúnbàtàṣe ni bàbá náà. Òun àti ìyàwó rẹ̀ kò jọ wá láti ìlú kan náà. Èdè ìgboro tí gbogbo wa ń sọ ni wọ́n fi fẹ́ ara wọn, òun ni wọ́n fi tọ́mọ, òun ni wọ́n sì fi darúgbó. Ṣùgbọ́n àìsàn rọpárọsẹ̀ ti kọlu bàbá, ó sì ti gbá èdè ìgboro kúrò lórí rẹ̀. Èdè ìlú rẹ̀ nìkan ló kù, ìyàwó rẹ̀ kò sì gbọ́ ọ. Láti ọjọ́ náà, wọ́n kàn ń wo ara wọn ni.

Bàbá rí mi, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ díẹ̀díẹ̀, ẹnu rẹ̀ wúwo. Mo kọjú sí ìyá náà, mo ń gbé e bó ṣe ń bọ̀.

"Ẹ̀rọ omi ilé ìdáná ń jò. Má fipá yí i, apá òsì ni kó o yí i sí. Má dá sílíńdà gáàsì gbé, ẹ̀yìn rẹ ò gbà á mọ́. Pe ọmọkùnrin ilé kejì kó bá ẹ gbé e."

Àwọn nọ́ọ̀sì ti ń tú ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì láti tì í lọ. Mo ń dúró de èyí tó kù, kò wá. Ẹni tó ń lọ sábẹ́ ọ̀bẹ, ẹ̀rọ omi ló ń sọ? Àwọn àgbà ní bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, ká fi tọmọ jẹ́ ẹ. Nínú iṣẹ́ tiwa, wọ́n á lé ọ nítorí ẹ̀. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀, síbẹ̀ ẹnu mi ti là.

"Mo fẹ́ràn rẹ," mo sọ fún ìyá náà.

Ìyá yí ojú sí mi. "Ọmọ mi, ta ló sọ ìyẹn?"

"Bàbá ni, mà."

"Bàbá kọ́. Mo ti ń gbé pẹ̀lú rẹ̀ kí wọ́n tó bí ẹ. Ẹ̀rọ omi lọkọ mi sọ. Mo gbọ́, ó yé mi, ó tó mi." Wọn kò pariwo, wọn kò sì rẹ́rìn-ín. "Èyí tó o fi kún un, tìẹ ni. Má gbé e rù mí. Gbé e lọ fún ẹni tó ni ín."

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọkọ wọn, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í bá a wí ní èdè ìgboro tí kò gbọ́ mọ́. Wọ́n ní ta ló ní kó bọ́ ìbọ̀sẹ̀, wọ́n ní kó má rò pé òun máa sùn síbẹ̀ títí bí ọ̀lẹ, iṣẹ́ ń dúró dè é nílé. Mo la ẹnu láti túmọ̀ rẹ̀. Ìyá na ọwọ́ sí mi.

"Fi sílẹ̀. Ó ti gbọ́."

Lóòótọ́, bàbá ń rẹ́rìn-ín, ìdajì ẹnu tó kù fún un ló fi ń rín in. (Ó jáde nínú iṣẹ́ abẹ náà láyọ̀. Mo tètè sọ ọ́ kí ọkàn yín lè balẹ̀. Tèmi ni kò balẹ̀.)

Mo bá ọ̀gá nọ́ọ̀sì ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ máa lọ. Inú ń run mi."

Wọn kò gbójú sókè. "Inú ta ni?"

"Inú tèmi, mà."

Ìgbà náà ni wọ́n wò mí. Ó dájú pé ojú mi sọ nǹkan kan fún wọn, torí wọ́n ní kí n máa lọ.

Mo sáré. Bàtà mi kan ń bọ́ lẹ́sẹ̀, mo ń wọ́ ọ lọ. Ọkàn mi ń sọ pé bọ́ọ̀sì ti lọ, ẹsẹ̀ mi ní a ó lọ wò ó. Ní gáréèjì, ẹ́ńjìnnì ti ń kù, awakọ̀ ti ń ti ẹ̀yìn ọkọ̀ níbi tí wọ́n kó ẹrù sí. Káfíńtà dúró lẹ́nu ọ̀nà bọ́ọ̀sì, ẹsẹ̀ kan nínú, ẹsẹ̀ kan níta, ó ń wo ọ̀nà. Ẹ̀wù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ló wọ̀. Afẹ́fẹ́ tútù ń fẹ́, èjìká rẹ̀ ti ká jọ.

Mo ti tò ó sórí bí màá ṣe sọ ọ́, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bó ṣe yẹ obìnrin. Nígbà tí mo rí ẹ̀wù yẹn, gbogbo rẹ̀ fò lọ. Èdè ìyá mi ló tú jáde lẹ́nu mi, pẹ̀lú ohùn bàbá mi.

"Ìwọ ọkùnrin yìí, kí ló ń ṣe ẹ́? Nínú òtútù yìí, ohun tó o wọ̀ nìyí? Ṣé kí wọ́n lè sọ pé mi ò tọ́jú ẹ ni? Wo orí ẹ, wo lẹ́búlẹ́bú pákó, o ò lè gbọn irun ẹ kó o tó jáde sáàárín èèyàn? Gba súwẹ́tà yìí. Wọ̀ ọ́. Mo ní kó o wọ̀ ọ́. Tó o bá débẹ̀, ta ló máa bi ẹ́ bóyá o ti jẹun? Ta lèmi náà máa máa bá jà? Olórí kunkun. Ìkan ṣoṣo tó o ní kí n sọ, o ò lè ní sùúrù fún mi. Mo fẹ́ràn ẹ. O ti gbọ́ ọ báyìí, ṣé inú ẹ ti dùn?"

Mo bojú wẹ̀yìn. N kò mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é, iṣẹ́ ló kọ́ mi bẹ́ẹ̀: bí mo bá ti sọ "mo" tán, mo máa ń wo ojú ẹni tó ni ín. Kò sí ẹnìkankan lẹ́yìn mi. Ògiri gáréèjì ni, àti àga kan tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ṣẹ́. Omi bọ́ lójú mi.

Káfíńtà ti wọ súwẹ́tà náà. Òdì ló wọ̀ ọ́, mo sì fẹ́ràn rẹ̀ débi pé n kò rí èébú sọ sí i.

"Kí lobìnrin yìí ń sọ?" awakọ̀ béèrè ní èdè ìgboro. Àwọn èrò ti yọ orí lójú fèrèsé, àwọn náà fẹ́ mọ̀. "Ṣé ẹ̀ ń lọ ni, àbí ẹ ò lọ mọ́?"

Gbogbo wọn kọjú sí mi. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà tí mo ti ń ṣe iṣẹ́ yìí, n kò fẹ́ túmọ̀ nǹkan kan fún ẹnikẹ́ni. Káfíńtà tí kò gbọ́ ẹyọ kan nínú ohun tí mo sọ ló dá awakọ̀ lóhùn.

"Ó ní kí ẹ bá mi sọ àpótí irinṣẹ́ mi kalẹ̀."

N kò sọ bẹ́ẹ̀ rárá. Ó fi ọ̀rọ̀ kún ọ̀rọ̀ mi níwájú gbogbo èrò ọkọ̀. Mo la ẹnu láti tún un ṣe, mo sì pa á dé.