Iyanrìn Inú Àyà Mi

Ẹ̀rù ti ń bà mí kí wọ́n tó pè wá wọlé, èmi àti ẹ̀gbọ́n mi obìnrin. Iwájú ìgbìmọ̀ tó ń yẹ àwọn ológun tó ti fẹ̀yìn tì wò ni. Bí wọ́n bá gbà pé iṣẹ́ ogun ló fa àìsàn mi, ìjọba á máa tọ́jú mi. Bí wọn ò bá gbà, a jẹ́ pé ilé ni n ó ti máa wúkọ́ títí ọlọ́jọ́ á fi dé.

Dókítà tó jókòó láàárín, ọ̀gá ológun lòun náà tẹ́lẹ̀. Bó ṣe gbójú sókè báyìí, mo ti nàró gbọnyin.

"Báwo lara?"

"Ara le koko, sà."

Mi ò mọ ìgbà tó bọ́ lẹ́nu mi. Nínú iṣẹ́ wa, ta ní jẹ́ sọ fún ọ̀gá pé ara òun ò yá?

Ẹ̀gbọ́n mi pòṣé. "Ẹ má dá a lóhùn, dókítà. Kó tó de okùn bàtà kan tán, ó ti sinmi. Akọni tí ń bá okùn bàtà jagun."

Dókítà rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ó mú fọ́tò àyà mi tí wọ́n yà láàárọ̀, ó fi há ara gíláàsì kan lára ògiri, ó tan iná ẹ̀yìn rẹ̀.

Mo rí inú ara mi. Ẹ gbọ́ mi yé, èmi tí mo wà láàyè, mo rí i. Egungun ìhà mi tò lọ rẹrẹ. Láàárín wọn, nǹkan funfun wẹ́wẹ́ lọ súà, bí ìràwọ̀ ojú ọ̀run. Mo rọra fọwọ́ kan àyà mi, kí n má baà jí wọn.

"Kí nìyẹn, sà?"

"Ojú ibi tí iyanrìn ti jẹ ẹ̀dọ̀fóró rẹ ni. Iṣẹ́ wo lo ṣe lẹ́yìn tó o kúrò lógun?"

"Télọ̀, sà."

"Abẹ́rẹ́ kì í da iyanrìn síni láyà. Nígbà tó o wà lógun ńkọ́?"

Mo ṣàlàyé. Àwa la máa ń fi ẹ̀rọ fọ́n iyanrìn sára ọkọ̀ ogun kí ìpẹtà lè bọ́. Áńkáṣíìfù la fi ń bo imú. Eruku á bò wá, a ó máa pera wa ní òkú ọ̀run. Mo rò pé mo ti wẹ gbogbo rẹ̀ dànù.

"Ṣé ó ti wà níbẹ̀ látìgbà náà, sà?"

"Látìgbà náà. Ṣùgbọ́n o ní ara rẹ le. Ohun tó o bá sọ ni mo máa kọ."

Mo tún wo fọ́tò náà. "Ara ò le, sà. Mi ò lè mí dáadáa."

Ó kọ ọ́. Ó wo àwọn méjì tó jókòó tì í, wọ́n mi orí.

"Iṣẹ́ ogun ló fà á. A gbà."

Ó yẹ kí n yọ̀. Mi ò lè kúrò níwájú iná yẹn. Ẹ̀gbọ́n mi, tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi, na ìka sí fọ́tò náà, kò fọwọ́ kàn án.

"Gbogbo èyí wà nínú rẹ," ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́, "o sì jókòó, ò ń rán aṣọ fún wa."