Ẹ̀rí Tẹjúmádé

"Ta ni ó tún rí i?" Olúbọ̀dé béèrè.

Òun ni olórí àwọn àgbà tí wọ́n jókòó dá ẹjọ́ náà ní Ìgbẹ̀ìn, ní ọdún kẹta lẹ́yìn tí a lé ogun Dàhòmì padà lẹ́yìn odi Abẹ́òkúta. Tẹjúmádé, ọ̀dọ́mọbìnrin aláró, kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀.

"Kò sí, baba. Èmi nìkan ni mo wà ní ilé aró. Àwọn yòókù ti lọ sọ́jà."

Ó ti ròyìn rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta láàárọ̀ ọjọ́ yẹn: bí Ládépọ̀ aláṣọ ṣe wọlé, bí ó ṣe ti ilẹ̀kùn, bí ó ṣe fi ipá bá a lò pọ̀. Kò fi kún un, kò sì yọ nínú rẹ̀. Síbẹ̀, àwọn àgbà kan ń mi orí. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ ẹnìkan ṣoṣo kò tó láti ba orúkọ ọkùnrin jẹ́ ní ìlú.

Láti ọjọ́ tí Tẹjúmádé ti fi ẹjọ́ sùn ni kò ti tọ́ aró wò mọ́. Òun ni ó máa ń ti ìka bọ ìkòkò, tí yóò fi kan ahọ́n, tí yóò sì sọ bóyá aró ti kan tó láti rẹ aṣọ. Nígbà tí ìyá rẹ̀ bẹ̀ ẹ́, ó ní bí ìlú kò bá gba òun gbọ́ lórí ara òun, kí wọ́n má ṣe bi òun léèrè nípa aró. Ìkòkò mẹ́fà ti bàjẹ́.

Wọ́n ní kí Ládépọ̀ sọ tẹnu rẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀ dáadáa. Ó fẹ́ kí wọ́n rí òun bí ènìyàn pẹ̀lẹ́, nítorí náà ó kọ́kọ́ yin ọmọ náà.

"Ó mọṣẹ́, ẹ̀yin baba. Ọdún márùn-ún ni mo ti ń gbé aṣọ wá fún wọn. Kò purọ́ fún mi rí. Èyí nìkan ni irọ́ rẹ̀."

Erelú, obìnrin kan ṣoṣo tí ó wà láàárín àwọn adájọ́, gbé ojú sókè.

"Ládépọ̀, aṣọ mélòó ni o máa ń gbé wá lẹ́ẹ̀kan?"

"Ogójì, ìyá."

"Bí aró kò bá tíì kan ńkọ́?"

"Wọn á bàjẹ́."

"Ta ni ó máa ń sọ fún ọ pé ó ti kan?"

"Tẹjúmádé ni."

"Ta ni o tún máa ń bi léèrè?"

Àgbà kan tí ó ti ń tòògbé láti àárọ̀ ni ó dáhùn.

"Kì í bi ẹlòmíràn. Ahun sì ni. Kò jẹ́ fi ogójì aṣọ ṣeré."

Ẹ̀rín sọ. Erelú kò bá wọn rẹ́rìn-ín.

"Ohun tí ó wà lórí ahọ́n rẹ̀, òun nìkan ni ó mọ̀ ọ́n, ẹ sì gbà á gbọ́. Ohun tí a ṣe sí ara rẹ̀, òun nìkan náà ni ó lè sọ ọ́. Ẹni tí yóò ṣe irú èyí, ṣé yóò pe ènìyàn wá wòran ni?"

Olúbọ̀dé bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Kò pẹ́. Ó ní kí Tẹjúmádé dìde, nítorí kì í ṣe òun ni ó jẹ̀bi.

"A gbọ́ ọ, a sì gbà ọ́ gbọ́. Ẹ̀rí rẹ tó."

Ó pàṣẹ kí Ládépọ̀ kúrò ní ìlú kí oòrùn tó wọ̀. Ládépọ̀ béèrè ogójì aṣọ rẹ̀ tí ó ṣì wà ní ilé aró.

"Ní funfun ni ó gbé wọn dé," ni ìyá Tẹjúmádé wí láti ẹ̀yìn ọmọ rẹ̀. "Ní funfun ni kí ó gbé wọn lọ."

Àwọn obìnrin aláró ti ń dúró lẹ́yìn ògiri. Orin ni wọ́n fi gba Tẹjúmádé nígbà tí ó jáde. Àbúrò ìyá rẹ̀, tí ó ti dàgbà, ní dandan òun yóò pọ̀n ọ́n délé bí ìkókó. Ó gbé ẹsẹ̀ mẹ́ta, ó jókòó sílẹ̀ gbì, àwọn méjèèjì sì rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn.

Ní ilé aró, ìkòkò keje ṣẹ́ kù. Kò sí ẹni tí ó bẹ Tẹjúmádé. Ó fúnra rẹ̀ ṣí i, ó ti ìka bọ̀ ọ́, ó fi kan ahọ́n.

"Ó ti kan."

Kí ó tó nu ẹnu rẹ̀ tán, ìyá rẹ̀ ti ti aṣọ oníbàárà mìíràn bọ inú aró.