Ta Ni Yóò Bá Ọ̀gbẹ́ni Adéagbo Lọ?

Ọ̀gbẹ́ni Adéagbo kò fi ọ̀rọ̀ náà pamọ́. Lẹ́yìn ẹ̀kọ́ ọjọ́ Ẹtì kan ní ọdún 1997, ó sọ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ pé ilé-ẹ̀kọ́ orin kan ní Ìbàdàn ti gba òun síṣẹ́, òun yóò sì kúrò ní Ilé-Ifẹ̀ nígbà Kérésìmesì. Ó ní ẹni tó bá fẹ́ bá òun lọ lè wá ṣe ìdánwò níbẹ̀. Bí ó bá yege, yóò máa bá ẹ̀kọ́ rẹ̀ lọ láti ibi tó bá a dé.

Àwọn mẹ́ta péré ló kù tí wọ́n ń kọ́ píánò lọ́dọ̀ rẹ̀ ní òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tó wà ní Ìrẹmọ. Ìbùkúnọlá sọ lójú ẹsẹ̀ pé òun kò lọ. Ó ti lọ́kọ, ó sì ti ń darí ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì wọn. Dúrósinmí ní òun máa lọ, nítorí kò sí ohun tó dá òun dúró. Mojíre ni kò lè dáhùn. Ẹ̀kọ́ ọdún mẹ́ta ló bẹ̀rẹ̀, ó sì ti lo ọdún márùn-ún lórí iṣẹ́ ọdún méjì, nítorí wọ́n máa ń ti ilé-ẹ̀kọ́ wọn ní Ilé-Ifẹ̀ pa, wọ́n á ṣí i, wọ́n á tún tì í. Ọdún kan ló kù fún un. Bí ó bá dúró, kò sí olùkọ́ mìíràn. Bí ó bá lọ, tí wọ́n sì dá a padà sẹ́yìn, gbogbo ọdún wọ̀nyẹn ti ṣòfò.

Òun àti Dúrósinmí jọ wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Ìbàdàn fún ìdánwò náà. Epo tán nínú ọkọ̀ ní Ẹdúnàbọ̀n. Awakọ̀ gbé kẹ́ẹ̀gì, ó lọ wá epo rà. Àwọn èrò bọ́ sílẹ̀, wọ́n jókòó sí etí títì. Ẹnikẹ́ni kò ráhùn. Wọ́n ti ráhùn nípa ọ̀wọ́n epo tó lọ́dún yẹn.

“Kí lo ń rò?” Dúrósinmí wí. “Ìwọ tí àwo bọ́ sílẹ̀ ní búkà lọ́jọ́sí, tí o ní ohùn F ló dún.”

“F náà ni.”

“Ṣé mo jiyàn? Èmi ṣáà rò pé àwo ni.”

Ìyáàfin Olúbùnmi ló dán wọn wò ní Ìbàdàn. Ó ní kí Mojíre kọ ẹ̀yìn sí píánò, kí ó máa dárúkọ ohùn tí òun bá tẹ̀. Iṣẹ́ tí kò tíì já Mojíre kulẹ̀ rí nìyí. Ó ń dáhùn kíá, kò ṣiyèméjì. Nígbà tí wọ́n parí, obìnrin náà wò ó títí.

“Kò sí èyí tí o gbà,” ó wí. “Mo tẹ C, o pè é ní C-ṣáàpù. Mo tẹ F, o pè é ní F-ṣáàpù. Gbogbo rẹ̀ lo fi ìdajì ìgbésẹ̀ gbé sókè. Píánò wo lo fi kọ́ṣẹ́?”

“Èyí tó wà nílé-ẹ̀kọ́ wa ni, mà.”

“Ohùn rẹ̀ ti wálẹ̀ nìyẹn. Etí rẹ dára, àmọ́ ibi tí kò yẹ ló dì mú.”

Àánú rẹ̀ kò yí òfin padà. Ẹni tó bá pàdánù ìdánwò etí, ọdún àkọ́kọ́ ni yóò wọ̀. Dúrósinmí, tí kì í dá ohùn mọ̀, ṣáà ń méfò ní tirẹ̀, ó sì gba èyí tó tó láti fi yege. Nígbà tí wọ́n ń padà bọ̀, kò fi í ṣe yẹ̀yẹ́.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, Mojíre bá Ọ̀gbẹ́ni Adéagbo nínú kíláàsì.

“Ẹ káàárọ̀, sà. Píánò wa ti wálẹ̀.”

“Mo mọ̀. Èmi ni mo dẹ wáyà rẹ̀. Ó ń já léraléra nígbà tí mo dé síbí, kò sì síbi tí mo ti lè rí òmíràn rà. Bí n kò bá dẹ̀ ẹ́, ẹ ò bá má ní píánò rárá.”

“Ẹ ò sọ fún wa, sà.”

“Ẹni tó máa kọ́ ẹgbẹ́ akọrin nílùú yìí, kí ló fẹ́ fi ìyẹn ṣe? N kò rò nígbà náà pé ẹnikẹ́ni nínú yín máa kúrò níhìn-ín.”

Kò sọ ọ́ láti fi bú u. Ohun tó rò gan-an ló sọ, ìyẹn ló sì dun Mojíre.

“Wọ ọdún àkọ́kọ́ yẹn,” ọkùnrin náà wí. “Wọ́n máa gbé ọ sókè láìpẹ́.”

“Wọ́n sọ bẹ́ẹ̀, sà?”

“Èmi ni mo rò bẹ́ẹ̀.”

Mojíre fara ti ògiri. Ó ti rẹ̀ ẹ́ láti máa gbé ayé rẹ̀ lórí ohun tí ẹlòmíràn rò.

“N kò ní lọ,” ó wí. “Ṣùgbọ́n ẹ ṣì wà níhìn-ín títí di Kérésìmesì. Ẹ kọ́ mi níṣẹ́ ọdún tó kù, láràárọ̀, kí kíláàsì tó bẹ̀rẹ̀. Mo máa fúnra mi forúkọ sílẹ̀ fún ìdánwò àṣekágbá. Etí mi náà, mo máa tún un kọ́.”

“Iṣẹ́ ọdún kan? Kò lè tán.”

“Ibi tí ẹ bá bá a dé, sà, èmi á parí ìyókù.”

Ọ̀gbẹ́ni Adéagbo fi àtẹ́lẹwọ́ ra ojú rẹ̀. Ó ti dàgbà ju bí Mojíre ti máa ń rò lọ. “Ó dáa,” ó wí. “Lọ sinmi lónìí.”

“Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀, sà.”

Wọ́n bẹ̀rẹ̀. Dúrósinmí bá wọn lẹ́nu iṣẹ́, ó dúró títí tí wọ́n fi ṣe tán, ó sì bá Mojíre sọ̀kalẹ̀.

“Ṣé kí n bá ọ wá yàrá nítòsí tèmi ní Ìbàdàn?”

“Má wulẹ̀ wá a.”

Dúrósinmí dúró lórí àtẹ̀gùn. “Ta ló máa wá máa sọ fún mi pé mo ti ṣi ohùn tẹ̀?”

“Olùkọ́ rẹ ni. Iṣẹ́ tí wọ́n gbà á fún nìyẹn.”