Wàláà Oníṣúgà

Ní Zongo, àdúgbò àwọn àlejò ní Niamey, bí o bá béèrè Mọ́rìlíátù ọmọ Áàfáà Àbdùlsàlàm, wọn á ní àwọn ò mọ̀ ọ́n. Ìyá Gàtó ni kí o béèrè. Gàtó ni àwọn Faransé ń pe àkàrà òyìnbó, orúkọ náà sì ti mọ́ obìnrin yìí lára ju èyí tí wọ́n sọ ọ́ lọ́jọ́ kẹjọ lọ. Kì í ṣe pé ó kàn ń yan gàtó. Ta ni kò lè yan gàtó? Aṣọ tó ń dà bò ó ni iṣẹ́ rẹ̀. Á lọ ṣúgà kúnná bí àtíkè, á pò ó bí ẹni po ìyẹ̀fun, á fi igi yí i pẹlẹbẹ, á wá dà á bo gàtó láìsí ìhunjọ kan lára rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni yóò bẹ̀rẹ̀ àrà. Àgbò tí ìwo rẹ̀ lọ́ ló ṣe fún ìsọmọlórúkọ ọmọ alápatà kan. Fún ìgbéyàwó awakọ̀ tó ń ná ọ̀nà Gáyà, ọkọ̀ akẹ́rù ni, tòun ti tápólì àti okùn. Lọ́dún tí Niger gba òmìnira, akọ̀wé ìjọba kan ní kí ó ṣe àsíá orílẹ̀-èdè tuntun. Mọ́rìlíátù ṣe é, ó sì jẹ́ kí etí àsíá náà ká bí ẹni pé atẹ́gùn ń fẹ́ ẹ. Wọ́n ní bí iṣu ẹni bá ta, à á fọwọ́ bò ó jẹ. Tirẹ̀ ta, kò bo nǹkan kan. Bí o bá yin iṣẹ́ rẹ̀, èsì rẹ̀ ni pé òun mọ̀.

Ilé ìdáná mádáàmù Faransé kan ní Plateau, àdúgbò àwọn òyìnbó, ló ti kọ́ iṣẹ́ náà, lẹ́yìn tí ọkọ rẹ̀ Nùrẹ́nì kú, tí kò sì fẹ́ jókòó sílé bàbá rẹ̀ kó máa ka iye adìẹ tó ń kọjá. Mádáàmù a máa fi nǹkan kan tó fẹ́lẹ́ bí ike sínú ṣúgà kí ó lè máa fà. Mọ́rìlíátù béèrè ohun tí wọ́n fi ṣe é, mádáàmù ní ara egungun ẹlẹ́dẹ̀ ni wọ́n ti ń yọ ọ́. Láti ọjọ́ náà ló ti wá ọ̀nà tirẹ̀. Ó mú kàró, oje igi tí àwọn Hausa ń kó wá sọ́jà, èyí tí bàbá rẹ̀ fi ń mú kí tàdáwà, yíǹkì tí wọ́n fi ń kọ wàláà kéú, kì. Ó lọ̀ ọ́, ó pò ó mọ́ ṣúgà. Ṣúgà náà fà, ó sì le nínú ọyẹ́ ju ti mádáàmù lọ. Nígbà tí mádáàmù ń padà sí ìlú rẹ̀, òun gan-an ló ń bẹ Mọ́rìlíátù pé kó kọ́ òun bó ṣe ń ṣe é. Ká sòótọ́, obìnrin náà ní ìgbéraga, ìgbéraga náà sì yẹ ẹ́.

Nínú ọyẹ́ ọdún kẹta òmìnira ni Àláájì Gàfárù wá bá a. Ará Ògbómọ̀ṣọ́ ni, aṣọ ló ń tà ní ọjà ńlá. Ọmọ rẹ̀ Rùkáyàt ti ka Kùránì parí, ọkọ sì ti wà nílẹ̀. Wòlímọ̀ yóò ṣáájú, ìgbéyàwó yóò tẹ̀ lé e. Àláájì fẹ́ gàtó tí ẹnikẹ́ni ò tíì rí rí. Ó ní kí ó dà bíi wàláà, pátákó tí àwọn ọmọ kéú fi ń kàwé, kí ìbẹ̀rẹ̀ súrà Ìkíráà sì wà lára rẹ̀ ní kíkọ. Ó fi kún un pé òun mọ̀ pé Áàfáà ni yóò bá wọn kọ ọ́.

"Èmi ni màá kọ ọ́," Mọ́rìlíátù wí.

Àláájì wo Áàfáà Àbdùlsàlàm tó jókòó lábẹ́ igi láàárín agbo ilé. Áàfáà ń ka tẹ̀sùbáà títí àlejò fi lọ.

Ọ̀rọ̀ wà láàárín bàbá àti ọmọ. Ìlọrin ni Áàfáà ti wá, ó sì ti lé ní ọgbọ̀n ọdún tó ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní kéú ní Zongo. Mọ́rìlíátù wà lára wọn nígbà kan. Ọwọ́ ìkọ̀wé rẹ̀ dára ju ti àwọn ọkùnrin lọ, gbogbo háráfì, láti álífù títí dé yáù, ló ń dúró ṣánṣán lórí wàláà rẹ̀. Kò tíì ka Kùránì dé ìdajì, láti àwọn súrà kéékèèké ẹ̀yìn bọ̀ wá síwájú, nígbà tí ìyá rẹ̀ kú. Ọmọ ọdún mẹ́tàlá ni. Ẹnìkan gbọ́dọ̀ máa se oúnjẹ fún ọgbọ̀n ọmọ kéú, iṣẹ́ náà sì bọ́ sí i lọ́rùn. Bàbá rẹ̀ ní kí ó gbé wàláà rẹ̀ kọ́ fún ìgbà díẹ̀. Ìgbà díẹ̀ náà di ọdún mọ́kàndínlógún. Kò ṣe wòlímọ̀. Ìdí ààrò ló ti ń gbọ́ bí àwọn yòókù ṣe ń kà á, tó ń fi èédú kọ ohun tó gbọ́ sára ògiri, tó sì ń fi omi nù ún kí ẹnikẹ́ni tó rí i. Ó dùn ún dé egungun. Kò sọ fún bàbá rẹ̀ rí, bàbá rẹ̀ náà kò sì béèrè.

Lẹ́yìn ìrun àsárì ọjọ́ tí Àláájì wá ni Áàfáà tó pè é. Ó ní ọ̀rọ̀ Ọlọ́run kì í ṣe àgbò, kì í sì í ṣe ọkọ̀ akẹ́rù. Gbogbo àwọn áàfáà ìlú ni yóò jókòó níbẹ̀, orúkọ ilé kéú òun ni wọn yóò sì máa pè lẹ́nu bí wọ́n bá ń lọ sílé. Kò pariwo. Kì í ṣe ẹni tó ń pariwo.

"Bí háráfì kan péré bá ṣì," ó ní, "o ò ní yan gàtó nínú agbo ilé yìí mọ́. Ìwọ fúnra rẹ ni wàá fọwọ́ ara rẹ wó ààrò yẹn."

"Kò ní ṣì, Bàbá."

Ọjọ́ mẹ́ta ló fi ṣe é. Gàtó fúnra rẹ̀ kò ni í lára. Ó yan án, ó fi ṣúgà funfun bò ó, kò sì fi nǹkan mìíràn sí i. Wàláà ló gba ọgbọ́n. Ó po ṣúgà àti kàró, ó bu kòkó díẹ̀ sí i kí ó pọ́n bí igi, ó gé e ní ìwọ̀n wàláà gidi, tòun ti ibi ìdìmú lókè, ó fi abẹ́rẹ́ fa ìlà tín-ín-tín sára rẹ̀ kí ó jọ pátákó, ó sì tẹ́ ẹ síbi tí ọyẹ́ yóò ti fẹ́ sí i. Nígbà tó gbẹ, bí o bá fi èékánná kàn án, á dún kò. Mọ́rìlíátù wá lọ ṣe àlùwàlá. Ó jó ṣúgà títí ó fi dúdú, ó fi omi àti kàró pò ó, ó gé gègé tuntun lára pòròpórò ọkà bàbà, ó sì jókòó tì í. Kò gbé ìwé kankan síwájú láti wò. Ó kọ ọ́ bí ọwọ́ rẹ̀ ti mọ̀ ọ́n láti kékeré, láìgbé orí sókè, títí ó fi parí. Ó wò ó, ó sì mọ̀ pé ó dára.

Lọ́jọ́ wòlímọ̀, ó gbé wàláà náà lé orí gàtó, òun àti obìnrin mẹ́ta sì rọra gbé e gba àárín Zongo kọjá. Àwọn obìnrin Zarma tó wà lójú ọ̀nà dìde láti wò ó, wọ́n ń kí i pé "fofo, fofo". Ó ń dá wọn lóhùn láìbojú wẹ̀yìn.

Ilé Àláájì Gàfárù ti kún. Rùkáyàt jókòó lórí ẹní, ó fi aṣọ funfun borí, wàláà onígi rẹ̀ wà lórí itan rẹ̀. Áàfáà Àbdùlsàlàm ló ti bá a kọ Ìkíráà sára rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ọmọbìnrin náà kà á láìkọsẹ̀, ilé hó yèè. Ìgbà náà ni wọ́n gbé gàtó wọlé. Àwọn tó wà lẹ́yìn rò pé wàláà ọmọ mìíràn ni wọ́n gbé lé orí ìrọ̀rí funfun.

Ẹni tó kọ́kọ́ sún mọ́ ọn ni Ústáàsì Jàfárù, ẹ̀gbọ́n ọkọ ìyàwó. Kò ju oṣù méjì lọ tó ti Káírò dé, pẹ̀lú fìlà pupa àti gíláàsì ojú. Kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ó kàn mọ̀wé ni, kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbàgbé pé òun mọ̀ ọ́n. Ó bẹ̀rẹ̀, ó fi ìka tẹ̀ lé ìlà àkọ́kọ́, ó sì gbé orí sókè.

"Àṣìṣe wà níbí," ó ní. "Ìkíráà kọ́ lẹ kọ yìí, Ìfíráà ni. Àmì méjì ló ń wà lórí káfù. Ẹyọ kan lẹ fi sí i, ó ti di fáù. Ọ̀rọ̀ tí Jíbírílù mú wá, tó ní ká kàwé, lẹ sọ di ohun tí kò nítumọ̀."

Ọ̀rọ̀ náà bẹ̀rẹ̀ sí í lọ láti etí dé etí. Obìnrin kan ní òun ti mọ̀ tẹ́lẹ̀, pé kí ni ẹni tó ń fi ìyẹ̀fun ṣeré ń wá nídìí kéú. Àláájì Gàfárù ń làágùn nínú ọyẹ́. Gbogbo àwọn áàfáà yíjú sí Áàfáà Àbdùlsàlàm. Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Àgbà wà lọ́jà lọ́jọ́ náà, orí ọmọ sì ń wọ́ lọ. Ojú Áàfáà ti ń ṣe bàìbàì láti bí ọdún mélòó kan, kò lè mọ àmì kan yàtọ̀ sí méjì láti ibi tó jókòó sí, kò sì jẹ́ fi ẹ̀rí sí ohun tí kò rí. Ṣùgbọ́n lójú àwọn èèyàn, ńṣe ló dà bíi pé ó gbà pé ọmọ òun ti ṣì í.

Mọ́rìlíátù rí ààrò rẹ̀ lójú ọkàn, ó rí ara rẹ̀ pẹ̀lú ọkọ́ lọ́wọ́ níbi tó ti ń wó o. Ẹ̀rù bà á, kò sì pẹ́ lára rẹ̀. Ó tún wo ohun tó kọ, ó sì tún rí i pé ó dára. Ó kúnlẹ̀ kí àwọn àgbà, ó ní kí wọ́n yọ̀ǹda kí òun béèrè ọ̀rọ̀ kan lọ́wọ́ Ústáàsì. Ó gba wàláà onígi lọ́wọ́ Rùkáyàt, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún un.

"Ústáàsì, ẹ jọ̀ọ́, àmì mélòó ló wà lórí káfù ti èyí?"

Jàfárù gbé e sún mọ́ gíláàsì rẹ̀.

"Ẹyọ kan," ó ní.

Kò béèrè ẹni tó kọ ọ́. Gbogbo ilé ló mọ̀ ọ́n.

"Níbi tí wọ́n ti kọ́ mi," Mọ́rìlíátù ní, "àmì kan ni káfù ń gbé sórí, fáù sì ń gbé tirẹ̀ sísàlẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń kọ ọ́ ní Ìlọrin, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń kọ ọ́ ní ìlú Say níbí, bẹ́ẹ̀ ni bàbá mi ṣe fi lé mi lọ́wọ́. Bí tèmi bá jẹ́ Ìfíráà, a jẹ́ pé Ìfíráà náà ni ìyàwó yín kà tán lẹ́ẹ̀kan, tí ẹ sì ṣe àmín sí i."

Ẹnìkan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn, ó sì yára fọwọ́ bo ẹnu. A gbọ́dọ̀ fi ti Jàfárù fún un: kò jiyàn. Ó ní Káírò ló ń fi méjì sí i, pé àmì kan ni bàbá òun pàápàá ń fi sí i ní Ògbómọ̀ṣọ́, òun ló gbàgbé. Ṣùgbọ́n ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Ó ní kí wọ́n má bínú, ọ̀rọ̀ kan ṣì kù. Ta nínú wọn ni yóò fi ọ̀bẹ gé ọ̀rọ̀ Ọlọ́run?

Àláájì Gàfárù, tó ti di ọ̀bẹ mú láti ìgbà tí wọ́n ti gbé gàtó wọlé, rọra fi í sẹ́yìn agbádá.

"Ẹnikẹ́ni ò ní gé e," Mọ́rìlíátù ní. Ó ki ọwọ́ bọ abẹ́ wàláà oníṣúgà, ó gbé e kúrò lódindi. Gàtó funfun kù nílẹ̀, láìsí ọ̀rọ̀ kankan lára rẹ̀. "Èyí lẹ ó gé. Ní ti wàláà tí a bá ti kà tán, bàbá mi ló mọ ohun tí à ń ṣe sí i."

Ó gbé e síwájú Áàfáà. Áàfáà gbé e sókè, ó fà á mọ́ ojú débi pé irùngbọ̀n rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kàn án. Ètè rẹ̀ ń mì bó ṣe ń kà á. Ó dé òpin, ó padà síbẹ̀rẹ̀, ó tún kà á. Ọwọ́ ìkọ̀wé ara rẹ̀ ló ń wò, bó ṣe rí kí ojú tó máa dùn ún, gbogbo ìyíkọ́ rẹ̀, gbogbo ìfàgùn rẹ̀, lára ohun tí ọmọ tó lé sídìí ààrò kọ. Ó ní kí wọ́n bu omi wá nínú igbá.

Ẹni tó bá ti lọ sílé kéú mọ ohun tó kù. Bí ọmọ bá parí, áàfáà á fọ wàláà rẹ̀ sínú igbá, ọmọ á mu omi náà, kí ohun tó kà lè wọ inú rẹ̀ lọ. Ó fọ ti Rùkáyàt, Rùkáyàt mu ún, ó sì fajú ro nítorí tàdáwà kì í dùn. Áàfáà wá gba igbá mìíràn, ó da omi lé wàláà oníṣúgà. Àwọn háráfì ṣàn wọ inú igbá, pátákó náà sì ń yọ́ tẹ̀ lé wọn díẹ̀díẹ̀. Rùkáyàt tún nawọ́ láti gbà á, torí òun ló ni ọjọ́. Áàfáà mi orí.

"Ẹni tó kọ ọ́ ni yóò mu ún."

Rùkáyàt bá Mọ́rìlíátù di igbá mú, Mọ́rìlíátù sì gbé e sẹ́nu. Ó mu ún tán. Ó ń sunkún lójú gbogbo wọn, kò sì nu ojú.

Nígbà tó gbé igbá sílẹ̀, ó rí i pé bàbá rẹ̀ ti sún sẹ́yìn lórí ẹní, ó ti fi àyè sílẹ̀ níwájú rẹ̀, níbi tí ọmọ kéú ń jókòó sí. Ó bi í ní ohun tó ń bi gbogbo ọmọ láràárọ̀ láti ọgbọ̀n ọdún.

"Níbo la dúró sí?"

Kò rò ó rárá. "Yáàsín ni, Bàbá."

"Ó yá, kà á."

Ó jókòó, ó ṣe Bísímílálì, ó sì bẹ̀rẹ̀. Àláájì Gàfárù gbé ọ̀bẹ lé ilẹ̀, àwọn àlejò sì dúró de gàtó wọn.