Ife Kejì

Àná ni àtẹ̀jíṣẹ́ ilé ìwòsàn ti wọlé, òwúrọ̀ òní ni ọmọbìnrin alágbàfọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i. Nọ́ńbà fóònù ṣọ́ọ̀bù ni wọ́n fún ilé ìwòsàn, bẹ́ẹ̀ ṣọ́ọ̀bù kò ṣí lánàá, nítorí bàbá rẹ̀ ń fọ inú mọ́ de àyẹ̀wò ìfun tí wọ́n fẹ́ ṣe fún un lọ́sàn-án òní. Ó dúró sáàárín àwọn ṣẹ́ẹ̀tì tó ti lọ̀, ó kà á:

“Èsì ẹ̀jẹ̀ bàbá yín ti dé. Kíndìnrín wọn kò ṣiṣẹ́ dáadáa. Kí wọ́n má lo oògùn ìyàgbẹ́ tí a fún wọn. Ẹ wá gba irú mìíràn.”

Bóyá ló fi gbogbo ẹsẹ̀ tẹ àtẹ̀gùn tó fi dé òkè. Bàbá jókòó sórí àpótí lẹ́nu ọ̀nà ilé ìgbẹ́, ètè rẹ̀ gbẹ táútáú. Ife oògùn ìyàgbẹ́ kejì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

“Ìyá àgbà, kí ló ń lé ẹ?” Bí bàbá ṣe máa ń pè é láti kékeré nìyẹn.

“Ẹ ti mu nínú ìyẹn?”

“Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ pò ó ni.”

“Omi tí nọ́ọ̀sì ní kí ẹ máa mu tẹ̀lé ife ti àná ńkọ́?”

Bàbá rẹ́rìn-ín músẹ́. “Ogójì ọdún ni mo fi fọṣọ. Bí omi bá pọ̀ jù, ọṣẹ á dẹ̀ ni. Ife omi kékeré kan ni mo fi po ti àná, ó sì le dáadáa, n ò mu omi kankan lé e. Ṣé èmi ni wọ́n fẹ́ kọ́ ní ìfọ̀?”

“Bàbá, kì í ṣe ọṣẹ. Omi ara yín ni oògùn náà ń fà wá sínú ìfun. Ìgbà wo lẹ tọ̀ kẹ́yìn?”

Ó ronú títí. “Àná, mo rò bẹ́ẹ̀.” Ó wá bojú wẹ̀yìn. “Ìyá ẹ ti lọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun yẹn tán?”

Ọdún kẹfà rèé tí ìyá rẹ̀ ti kú.

Ọmọ náà pe nọ́ọ̀sì. “Kí wọ́n má fẹnu kàn án mọ́,” nọ́ọ̀sì wí. “Ẹ gbé wọn wá báyìí, a máa fa omi sí wọn lára. Ti àyẹ̀wò, ó di ọjọ́ mìíràn.”

Bàbá gbọ́ ọ. Ó di ife náà mú ṣinṣin. “Oṣù mẹ́ta la fi dúró de òní. Ẹ̀jẹ̀ ni mò ń yà. Kí ohun tó wà nínú mi tún máa dàgbà sí i?”

Ẹ̀rù ohun náà ń ba ọmọ náà pẹ̀lú, láti ọjọ́ tó ti kọ́kọ́ rí ẹ̀jẹ̀ lára ṣòkòtò tó ń fọ̀ fún un. Ó rọra tú ìka bàbá kúrò lára ife, lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì da oògùn náà sínú ihò omi. Ó kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀, ó ń ki bàtà bọ̀ ọ́ lẹ́sẹ̀.

“Bàbá, mo ti dà á nù. A ò ní ṣe àyẹ̀wò lónìí. Ilé ìwòsàn là ń lọ báyìí, nítorí kíndìnrín yín. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ bínú sí mi, ẹ máa bínú lọ lójú ọ̀nà.”